Yìnyín Inú Kábúrétọ̀

Ìwé náà wúwo bí bátìrì mọ́tò.
Mo rà á ní àlòkù ní Dùgbẹ̀, lọ́wọ́ bàbá kan
tó ń ta Bíbélì tí èkúté ti jẹ létí.
Ó wo èékánná mi tí ọ́ìlì ti sọ di dúdú,
ó ní, "Ọmọ mi, ìwé àwọn tí ń fi bàálù jẹun nìyí o."
Mo ní òun gan-an ni mò ń wá.
Ó dín ẹgbẹ̀rún kan kúrò. Bóyá àánú mi ló ṣe é.

Lọ́sàn-án, jẹnẹrétọ̀ ni mò ń tún ṣe ní Gáàtì,
lábẹ́ agboòrùn Ọ̀gá Látóyè tó ti ya níbi mẹ́ta.
Lóru, mo di ọmọ ilé-ìwé tí kò ní olùkọ́:
èmi ni mò ń bi ara mi, èmi ni mò ń dáhùn,
èmi náà ni mò ń fi bírò pupa fa ìlà sí èyí tí mo kùnà.
Méjìdínlọ́gọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún.
Àádọ́rin ni wọ́n ń béèrè.
Méjìlá péré ló kù, mo ní kò tó nǹkan;
ṣùgbọ́n ẹni tí bàálù rẹ̀ bá fi ẹsẹ̀ bàtà méjìlá
rẹlẹ̀ ju orí òkè lọ,
òkè kò ní bá a dúnàádúrà.

Mo fi ẹfun ya atẹ́gùn sára ògiri:
ọfà kan fún ibi tí mo dorí kọ,
ọfà kan fún ibi tí afẹ́fẹ́ ń tì mí lọ,
ẹ̀kẹta ni ibi tí màá bá ara mi.
Ìyá mi àgbà wọlé, ó ní, "Ta ló ya ẹsẹ̀ adìyẹ síbí?"
Mo ṣàlàyé. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín.
"Òótọ́ ni. Ìlọrin ni mo dorí kọ nígbà náà.
Ọkọ gbé mi jù sí Ìbàdàn."

Ojú ìwé igba ó lé mọ́kànlá ni èmi àti ìwé ti jà.
Wọ́n ní yìnyín lè dì sínú kábúrétọ̀,
àní lọ́jọ́ tí ooru mú, bí afẹ́fẹ́ bá ti kún fún omi,
títí ẹ́ńjìnnì yóò fi kú lókè.
Yìnyín? Ní Ìbàdàn?
Ọdún méje ni mo ti ń tú kábúrétọ̀, tí mò ń fẹnu fẹ́ ihò rẹ̀.
Mo ti bá iyanrìn níbẹ̀, mo ti bá eèrà,
mo ti bá omi tí àwọn ẹlẹ́po fi lú bẹntiróòlù.
Mi ò bá yìnyín pàdé rí.
Ọ̀gá ní òyìnbó fẹ́ràn àsọdùn.
Gbogbo ìgbà tí ìbéèrè yẹn bá jáde, mo ń mú "rárá",
mo sì ń pàdánù máàkì.

Àfi lóṣù Agẹmọ, láàárọ̀ kan tí òjò ń ṣe wíníwíní,
jẹnẹrétọ̀ onítẹ̀wé kan ní Mọ́kọ́lá ń wúkọ́.
Mi ò pa á. Mo kàn fọwọ́ kàn án bó ṣe ń ṣiṣẹ́.
Ẹ́ńjìnnì gbóná débi pé èèyàn lè fi yan àgbàdo;
kábúrétọ̀ tutù bí imú ajá,
ìrì ń kán lára rẹ̀ tó, tó, tó.
Mo dúró bí ẹni tó he owó tí kò mọ olówó.
Ọdún méje! Ìgbà tó bá ti kú tán
ni mo máa ń fọwọ́ kàn án.

Lọ́túnla ni ìdánwò.
Wọ́n ti mú iná lọ. Bàálù kan ń sọ̀kalẹ̀ sí Alákìá,
mo gbọ́ bó ṣe dín ohùn rẹ̀ kù.
Ìyá mi àgbà béèrè láti orí ẹní
bóyá màá lè gbé òun dé Ìlọrin.
Mo ní, bí afẹ́fẹ́ bá gbà.
Ó ní kí n pa fìtílà, kí n sùn.
Mo ní ó ku ìbéèrè mẹ́rin.