Àkèré Ejìnrín

Lóru, Sàbítíyù á de tọ́ọ̀ṣì mọ́rí,
á bọ́ bàtà, á wọ àbàtà.
Èmi ni mo ń tukọ̀. Ìwé lòun ń kọ.
"Bàbá Lámídì, ẹ gbọ́ ná."
Kí ni n ó gbọ́? Àkèré kan ṣoṣo.

Lọ́dún tí mo gbéyàwó, ariwo wọn kì í jẹ́ ká sùn.
Yanrìn ti bo ibẹ̀, ilé ti hù.

Ó ní wọn ò tíì tán:
inú gọ́tà ni wọ́n ń yé sí,
wọ́n ti pọ́n ohùn wọn bí ọ̀bẹ
kó lè la ariwo jẹnẹrétọ̀ já.

Mo ní èmi náà ń lọgun
kí Lámídì tó gbọ́ mi lórí fóònù.

Ó kọ ìyẹn náà sílẹ̀.