Nọ́ńbà Ara Ọ̀mọ̀

Kí o tó dé abúlé wa, ọ̀nà á kọ́kọ́ sú ọ.
Ọ̀kadà á já ọ sílẹ̀ níbi tí ẹrẹ̀ ti mù ún dé orókún,
o máa bọ́ bàtà, o máa fi ẹsẹ̀ wá gbòǹgbò lábẹ́ omi,
títí o fi máa gbọ́ Ògbèsè kó o tó rí i:
ó ń kùn bí àgbàlagbà tí wọ́n jí lójú oorun.
Pariwo "Ọlọ́kọ̀ ò!" lẹ́ẹ̀mẹta.
Bàbá mi, Fámùrewá, kì í jẹ́ ìpè àkọ́kọ́;
ó ní àgbìgbò náà lè pe èèyàn lẹ́ẹ̀kan.

Ilé méjìlá ni wá, àti ṣọ́ọ̀ṣì kan tí kò ní ilẹ̀kùn.
Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń bẹ lórí àpáta ẹ̀yìn oko,
àfi kó o nàró lórí ẹsẹ̀ kan, kó o kọjú sí Adó.
Lóru, ìnàkí á ké lódìkejì,
ìyá mi á dáhùn látorí ẹní: "A ti gbọ́, ẹ lọ sùn."

Bàbá mi kì í pe igi ní igi.
Ugi ni. Ugbó ni. Ulẹ̀ ni.
Ó ní ohùn Èkìtì ni wọ́n fi sọ wọ́n lórúkọ,
bí o bá pè wọ́n bí ará Ìbàdàn, wọn ò ní yíjú.

Ọdún tí mo wà ní ìwé kẹrin ni ọkùnrin mẹ́ta sọdá
pẹ̀lú agolo ọ̀dà pupa àti ìwé olóǹtẹ̀.
Wọn ò dúnàá-dúrà owó ọkọ̀. Ìyẹn ló kọ́kọ́ ba bàbá mi lẹ́rù.
Wọ́n ń lu igi lẹ́yìn bí ẹni ń ra ewúrẹ́,
wọ́n ń ṣá èèpo, wọ́n ń kọ nǹkan sí ara funfun.
Wọ́n dé ìdí ọ̀mọ̀ etí odò,
èyí tí a ti ń so ọkọ̀ mọ́ kí wọ́n tó bí bàbá bàbá mi,
wọ́n kọ sí òun náà.
"Ìgè, kí ni wọ́n kọ?"
Mo ní, "Mẹ́tàdínlógójì."
Ó dákẹ́ títí.
"A jẹ́ pé wọ́n ti ka mẹ́rìndínlógójì kí wọ́n tó rí wa."

Lálẹ́, ìyá mi gbé eérú àti kànìnkànìn lọ.
Ó fọ ọ̀mọ̀ bí ẹni ń fọ ẹ̀yìn ọmọ tó yí nínú ẹrẹ̀.
Eérú tán. Ọ̀dà ò bó.

Ayùn oníẹ́ńjìnnì dé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.
Ọjọ́ mẹ́sàn-án, a ò gbọ́ ẹyẹ.
Lọ́jọ́ kẹwàá, ìyá mi ju ọkọ́ nù lóko ẹ̀gẹ́,
ó ń sáré bọ̀, ó ń kígbe orúkọ mi:
wọ́n ní ọ̀mọ̀ ṣubú, ọmọ ló gbọ́.
Mo wà lórí kùkùté, mo ń ka ìlà róbótó inú rẹ̀.
Mo ka ọgọ́rin, mo ṣìnà.

Òjò ló dá wọn dúró; àwa ò tó bẹ́ẹ̀.
Ògbèsè kún, ó gbé afárá onípákó wọn lọ,
lọ́rì rì dé fèrèsé, ìgbín gba inú ẹ́ńjìnnì.
Wọ́n ní àwọn ń bọ̀ lẹ́yìn ọdún Àjíǹde.

Ọ̀mọ̀ sùn nínú ẹrẹ̀ títí bàbá mi fi mú àáké.
Oṣù mẹ́rin ló fi gbẹ́ ẹ. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.
Ó fi iná jó inú rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó fi omi tù ú.
Nígbà tó kan ibi ọ̀dà, ó gbé àáké sókè,
ó wò ó, ó sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀. "Jẹ́ kó wà."

Bí o bá wá, ọkọ̀ yẹn ni màá fi gbé ọ sọdá.
Bàbá ti lọ; àjẹ̀ ti di tèmi.
Jókòó sí àárín, má nawọ́ síta.
Nọ́ńbà náà wà nísàlẹ̀, níbi tí omi ń lá,
àwọn ẹja àrọ̀ ló ń kà á.