Òdo Kan Níwájú

Sáskátúùn, oṣù kejì ọdún.
Odò ti gan, ó dì gbagidi láti bèbè dé bèbè,
àwọn ènìyàn ń gba orí rẹ̀ kọjá
bí ẹni pé kò sí omi lábẹ́.
Aago méjì òru. Kòmpútà ti kú ní wọ́ọ̀dù,
ìwé àti kálámù la padà sí.
Dókítà àgbà ń yán, ó ní,
"Mọrẹ́nikẹ́jì, kọ oògùn ìrora fún Bàbá Friesen,
n ó fọwọ́ sí i."
Ó fọwọ́ sí i lóòótọ́. Kò kà á.

Èmi tí mo mọ oògùn bí ẹni mọ oríkì baba rẹ̀!
Ẹ bi mí níbi tí haidromọ́fóònù ti ń fún ìrora lọ́rùn,
n ó rò ó fún yín láìmí.
Mọ́kànléláàdọ́rùn-ún ni mo gbà nínú ìdánwò,
ìyá mi pe gbogbo Ìlá láti sọ fún wọn.
Ṣùgbọ́n nínú ọdún mẹ́rin
ta ló jókòó tì mí kó ní,
"Kọ ọ́ sílẹ̀, jẹ́ n rí i"?
Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan ni, wákàtí méjì péré,
a ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán,
ìdajì wa ń tòògbé.

Bàbá náà ti lé lọ́gọ́rin ọdún,
àgbẹ̀ ọkà ni, kíndìnrín rẹ̀ ti ṣàárẹ̀.
Ó ní, "Ọmọdé báyìí ti ń ṣe dókítà?"
Mo rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ mi tutù.
Ìdajì mílígíráàmù ni mo ní lọ́kàn:
mo kọ àmì kan, bín-ín-tín bí ojú abẹ́rẹ́,
mo kọ márùn-ún tì í.

Fóònù dún.
Ìyáàfin Kowalchuk ni, apòògùn alẹ́.
"Ìdajì ni, àbí márùn-ún?
Torí bí mo bá fún un ní márùn-ún, yóò sùn,
a ó sì máa jí i títí."

Kò pariwo. Ó gòkè wá, ó mú kálámù lọ́wọ́ mi.
"Fi òdo síwájú rẹ̀."

Òdo.
Odó ìyá ìyá mi ló sọ sí mi lọ́kàn,
èyí tó fi ń gún ewé fún ọmọ tó ń gbóná,
tí í kọ́kọ́ fi ahọ́n tọ́ ọ wò fúnra rẹ̀,
a dúró díẹ̀, a wojú ọ̀run,
kó tó kan ẹnu ọmọ.
Ta ló ń tọ́ tèmi wò?

Ẹyin lohùn, wọ́n ní.
Ìwé oògùn ńkọ́?

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú.
Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó dáhùn:
"Ìwọ lo ṣe ẹlẹ́ẹ̀kẹrin lóṣù yìí.
Gbogbo yín lẹ sì gbọ́n."

Ilẹ̀ mọ́. Bàbá Friesen jí,
ó ń ráhùn pé tíì òun kò ní ṣúgà.
Mo lọ bù ú wá.
Ṣíbí kan.
Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì.