Rọ́bà Kílọ́ọ̀ṣì Bàbá Mi

Ọdún mọ́kànlá ni Píjò náà fi wà lábẹ́ igi máńgòrò
lẹ́yìn ilé wa ní Ajásẹ́-Ìpo.
Oòrùn lá a. Ọyẹ́ gé e jẹ.
Adìyẹ yé sórí àga ẹ̀yìn, ó pa mẹ́sàn-án.
Irin rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan: irin ìgbà yẹn, irin ni.
Rọ́bà ló kọ́kọ́ kú.
Mo ṣí ilẹ̀kùn, èyí tó yí i ká rún sí mi lọ́wọ́
bí kúlíkúlí.

A fi ọkọ̀ mìíràn wọ́ ọ dé Pákátà,
lọ́dọ̀ Mùtáírù Onírọ́bà,
ọkùnrin tí kì í fi ojú wo ọkọ̀,
èékánná ló fi ń wò ó:
ó tẹ rọ́bà, ó dúró, ó wò ó bóyá yóò padà dìde.
Èyí tó dìde, ó ní, "Ó ṣì ń mí."
Èyí tí ojú èékánná dúró sí lára, ó jù ú sẹ́yìn,
kò sọ nǹkan kan.

"Ta ló fi kẹrosíìnì nu èyí?"
Èmi ni. Mo rò pé mo ń tọ́jú rẹ̀ ni.
"Kẹrosíìnì a máa mú rọ́bà dán lónìí,
lọ́la a wú bí ẹsẹ̀ aláboyún,
lọ́túnla a di ẹrọ̀fọ̀."
Ó po ọṣẹ mọ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́,
ó fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ha gbogbo kọ̀rọ̀ rẹ̀,
ó sá a sí ibòòji, kì í ṣe oòrùn,
kó tó fi gilisẹ́rìnnì ra á
títí dúdú rẹ̀ fi padà jọ dúdú.
"Ohun tó bá ti gan, a kì í fipá nà án.
Ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú."

Ti gíláàsì iwájú, tuntun ló wá, láti Ìbàdàn.
Ó ki okùn sí ètè rọ́bà náà yíká.
Èmi dúró níta, mo fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ti gíláàsì,
òun jókòó sínú, ó ń fa okùn díẹ̀díẹ̀,
ètè náà sì ń gba gíláàsì mọ́ra, ìka kan, ìka kan,
bí ìkókó ṣe ń gba ọmú.

Ó wá ku rọ́bà orí kílọ́ọ̀ṣì.
Ó ti jẹ lápá ọ̀tún, ó fẹ́lẹ́ bí etí ewúrẹ́,
níbi tí àtàǹpàkò bàbá mi máa ń sinmi sí
láti Ajásẹ́ dé Ọ̀ffà, láti Ọ̀ffà dé Ìlọrin,
ó lé ní ogún ọdún, sálúbàtà aláwọ kan náà.
Mùtáírù ti mú tuntun jáde, ó ń dán nínú ọ̀rá.
Mo ní rárá.
Ó ní ẹsẹ̀ mi yóò máa yọ̀ lórí rẹ̀.
Mo ní mo gbọ́.
Ó wò mí, ó wo rọ́bà náà,
kò fi èékánná tẹ èyí.
Ó fi gilisẹ́rìnnì pa á, ó gbé e fún mi.

Òjò ká mi mọ́ ọ̀nà Ìdófìàn lánàá.
Omi ṣì ń kán wọlé níbi ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, lápá òsì;
n ó mú un padà lọ.
Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tẹ kílọ́ọ̀ṣì kí n lè pààrọ̀ jíà,
àtàǹpàkò mi wọ ibi tó jẹ yẹn,
kò kún un.
Ẹsẹ̀ bàbá mi tóbi ju tèmi lọ.