Agolo Lúrú

Sàká awakọ̀ ló gbé e wá láti Òkè-Ọdẹ,
ó fi há àárín àpò èédú méjì:
agolo mílíìkì tí ọmọrí rẹ̀ ti dípẹtà,
lúrú inú rẹ̀ kù díẹ̀ kó kún.
"Ìyá Sìfáwù ní kí n fún ọ.
Ó ní o ò gbọdọ̀ jẹ́ kí omi kàn án."
Ọ̀sẹ̀ kejì ni wọ́n pè mí pé ìyá ti sùn.

Mo mọ igi osè tí ewé náà ti wá.
Ẹ̀yìn ògiri tó wó ló wà, ikùn rẹ̀ tó ahéré,
ewúrẹ́ méjì a máa sá òjò sínú ihò rẹ̀.
Òjò àkọ́rọ̀ ló ń là á lójú.
Ewé a yọ bí ìka ọmọ tuntun, márùn-ún, márùn-ún.
Èmi ni mo ń gùn ún, torí mo fúyẹ́.
Ìyá a tẹ́ aṣọ sílẹ̀, a gbójú sókè:
"Ká èyí tó ṣì ń dán.
Fi èyí tó ti le sílẹ̀. Igi náà ń jẹun."

Bí a bá ń bọ̀, a kì í kánjú:
ẹ̀bòlò létí oko àgbàdo, yánrin lórí ebè èṣí,
olú funfun kan lórí ọgán.
"Ìyá, èyí ńkọ́?"
"Ìyẹn, kí i, kí o máa lọ."

Oṣù Òkúdù. Àká ti gbófo, iṣu tuntun ṣì wà nínú ilẹ̀.
Ẹnikẹ́ni kò pè é ní ìyàn nílé wa.
Ìyá a ní ilẹ̀ ń se ọbẹ̀ lọ́wọ́, ẹ ní sùúrù.

Abẹ́ òrùlé ló ń sá ewé sí;
oòrùn gangan, ó ní, olè ni, àwọ̀ ló ń jí.
Ọjọ́ mẹ́rin, kó máa dún wọ́rọ́wọ́rọ́ bí owó tuntun,
lẹ́yìn náà odó, lẹ́yìn náà asẹ́,
ìyẹ̀fun a bà lé ìpéǹpéjú rẹ̀,
a máa fi ojú aláwọ̀ ewé rẹ́rìn-ín.

Ní Gáà-Àkànbí, ọdún kan àtààbọ̀, n kò ṣí i.
Yínúsà àbúrò mi ní ṣé ẹrù òkú ni.
Mo ní rárá.
Àmọ́ bí mo bá ń gbálẹ̀, mo máa ń kí agolo náà.

Àná ni mo gbọ́ nǹkan tó ń họ nínú rẹ̀.
Mo ṣí i: kòkòrò dúdú mẹ́ta, wọ́n ti sanra.
Àwọn ló ń jogún ìyá.

Ojú tì mí.
Mo kù ú. Mo gbé omi kaná,
irú, ata gbígbẹ, ẹja Jẹ́bà kan tó ti ká ìrù mẹ́nu,
mo ń fọ́n lúrú sí i, mo ń fi ìjábẹ̀ lù ú
títí ó fi fà, títí ó fi kọ̀ tí kò já.
Yínúsà jẹ ẹ́, kò sọ̀rọ̀, ó tún bu òkèlè.
Iyọ̀ rẹ̀ kò tó.
Ìyá ì bá ti wí bẹ́ẹ̀ kó tó jókòó.

Agolo ti ṣófo lójú fèrèsé.
Òjò ti ń ṣú lápá Òkè-Ọdẹ.
Mo ti wúwo ju ẹ̀ka osè lọ báyìí.
Ọmọ Yínúsà pé ọdún mẹ́sàn-án lóṣù tó kọjá;
mo bi í bóyá ibi gíga máa ń bà á lẹ́rù.