Okùn Kànga

Èmi ni mo máa ń di okùn mú fún bàbá mi, Bùsàrí,
nígbà tó bá ń gbẹ́ kànga ní Yemẹ́tù.
Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Àtẹ́lẹwọ́ mi ń bó.
Bó bá ti wọlẹ̀ tó ogún ẹsẹ̀ bàtà, n kì í rí i mọ́,
àfi ìró ṣọ́bìrì,
àfi òórùn amọ̀ tútù.

Mo bi í lọ́jọ́ kan bóyá ẹ̀rù kì í bà á.
Ó ní, "Láti ìsàlẹ̀, ojú ọ̀run ò ju ẹnu ife lọ.
N kì í rí ìwọ náà.
Bí mo bá fa okùn lẹ́ẹ̀mejì, garawa á gòkè.
Kí ni mo tún ń wádìí?"

Lágboolé Ajéníyà, àpáta la bá.
Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún, omi ò sun.
Onílé ń ṣépè, èmi ń sunkún.
Bàbá nu ṣọ́bìrì mọ́ ṣòkòtò:
"Ẹni tó ni omi ló mọ ibi tó fi sí.
Alágbàṣe lèmi."
A rọ yẹ̀pẹ̀ padà sínú ihò.

Irun mi ti funfun báyìí.
Mo jí lóru, iná ò sí, òkè Màpó ò hàn.
Mo nawọ́ sókè nínú òkùnkùn,
mo fà á lẹ́ẹ̀mejì.