Ààlè Ọjọ́ Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún

Nọ́mbà ìyá àgbà ni mo fi ti ilẹ̀kùn akáǹtì mi,
torí ṣíìmù tèmi sọnù lọ́nà Ìgbàrà-Odò.
Fóònù rẹ̀ kékeré, alátọ́ọ̀ṣì,
kò mọ gẹ́ẹ̀mù, kò mọ íńtánẹ́ẹ̀tì.
Mo rò pé olè kò ní wo ibẹ̀.

Olè ò wò ó. Ó pè é ni.
Ó fi ohùn Ìkéré kí i, ó bèèrè orúnkún rẹ̀.
"Ọ̀rẹ́ Ìlésanmí ni mí, mọ́mà.
Nọ́mbà mẹ́fà kan ń bọ̀ lórí fóònù yín,
ẹ bá mi kà á."

Ìyá àgbà, tó kọ́ ìwé kíkà lẹ́ni ọgọ́ta ọdún,
tí ẹnikẹ́ni kì í sábà bẹ̀ pé kó kàwé fún òun,
wọ awò ojú, ó bọ́ síta gbangba,
ó kà á bí ẹni ń ka Sáàmù:
èjì, òdo, èje, èje, ẹ̀rin, ẹ̀sán.
Ó tún un kà, kó má baà ṣàṣìṣe.

Kílẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti tì mí síta.
Ẹ̀wù irin aláwọ̀ iná tí mo fi oṣù mẹ́jọ jà fún
ní ṣọ́ọ̀bù Fápòhùndà onígbàjámọ̀,
nídìí jẹnẹrétọ̀!

Mo kọ̀wé, mo fi rìsíìtì ránṣẹ́.
Ọjọ́ kẹta, wọ́n dá akáǹtì padà, ẹ̀wù náà ṣì wà.
Oníbàárà mi ní Adó ti ka ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì sílẹ̀.
Mo tẹ "Tà".
Wọ́n ní rárá.
Ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gbáko,
o ò gbọdọ̀ tà, o ò gbọdọ̀ ṣe pàṣípààrọ̀,
o ò gbọdọ̀ fi ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ.
Ààbò rẹ ni.

"Ààlè ni wọ́n so mọ́ ọn," ni ìyá àgbà wí.
"Ààlè wo ló ń lé olóko lóko?"
Ó bẹ iṣu tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán kó tó dáhùn.
"Èyí tí kò tíì dá ojú olóko mọ̀ yàtọ̀ sí tolè."

Oníbàárà ti ra ti ẹlòmíràn.
Òní lọjọ́ keje. Ẹ̀wù ń tàn yanran nínú fóònù,
mo lè wọ̀ ọ́, n kò lè bọ́ ọ fúnni.

Fóònù ìyá àgbà dún lálẹ́.
"Ta ni? Kí ni oríkì rẹ?"
"Àbẹ̀kẹ́ ni, ọmọ yín," ìyá mi ń rẹ́rìn-ín láti Ìjerò.
Ìyá àgbà ò rẹ́rìn-ín.
"Tún un pè."